Ojú Àpá Kò Lè Jọ Ojú Ara

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ihò kòkòrò lára igi lọ, ṣùgbọ́n ihò náà ti fẹ́ gbé ohun ńlá mì. Ohun náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín oníṣẹ́ ọnà wa àti àwọn tó ń ra iṣẹ́ wọn lọ sí ojúbọ.

Ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, lẹ́bàá àáfin Déjì, mo ti rí àwo àti ọpọ́n onígi tí a fi ẹ̀rọ yí, tí wọ́n da rẹ́sìnì aláwọ̀ dí ibi tó là. Oje olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ di rẹ́sìnì yìí: èkínní ni oje fúnra rẹ̀, èkejì ni èyí tó ń mú un le. Bí a bá pò wọ́n ní ìwọ̀n tó yẹ, wọn a gbóná, wọn a sì dì gbagidi. A lè po àwọ̀ búlúù tàbí pupa mọ́ ọn kí a tó dà á sínú ihò. Bó bá ti le tán, a ó dá igi náà padà sórí ẹ̀rọ, a ó yí i, a ó sì fi sáńpépà dán an.

Àwọn kan nínú wa ní ohun àjèjì ni, kí a lé e jáde. N kò bá wọn lọ. Aró ni a fi ń kun irun ère ìbejì látijọ́. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ tí iléeṣẹ́ Reckitt ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọjà wa, òun náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi kùn ún. Ṣé ìbejì di ti òyìnbó nítorí bẹ́ẹ̀? Igbá tó là náà, àwọn baba wa kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n a fi okùn gán an, gbogbo ojú a sì rí ibi tí okùn gbà.

Èmi kò tilẹ̀ gbà pé àbùkù ìtìjú ni ihò. Kí ni ìyẹ̀ròsùn tí babaláwo ń tẹ odù sí? Ìyẹ̀ tí kòkòrò jẹ jáde lára igi ìrosùn ni. Abuké, arọ àti àfín ńkọ́? Ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n, nítorí a mọ ọwọ́ Ọbàtálá lára wọn. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó; èyí tó ṣẹ́kù fún oníṣẹ́ lónìí ni èyí tó ní kókó, tó là, tí kòkòrò ti bá wí. Bí rẹ́sìnì bá lè gba irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ iná ìdáná, ó ṣe é ní oore.

Ibi tí mo ti ń bínú ni ibòmíràn. Àwọn kan ń lọ èédú kúnná, wọ́n ń pò ó mọ́ rẹ́sìnì, wọ́n ń fi dí ẹ̀là, wọ́n sì ń kun gbogbo ara igi ní dúdú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Wọn a wá tà á ní iye owó igi tí kò ní àbàwọ́n. Igi tútù sì ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, igi a gbẹ, a sún kì. Rẹ́sìnì kì í bá a sún kì. Etí ibi tí wọ́n dí a sì tún là. Ẹni tó ra ọpọ́n fún ìtẹ̀fá ọmọ rẹ̀ a wá dúró, a máa wo ẹ̀là tí a ti fi pamọ́ fún un.

Àwọn ará Jàpáánì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní kintsugi. Oje igi ni wọ́n fi ń lẹ àwo amọ̀ tó fọ́, wọ́n a sì bu lúlú wúrà sí ojú ibi tó ti fọ́ kí ayé lè rí i. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, wọn kò sì fi tipátipá mú un jọ ọ́. Ìwà yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ igbá gígán.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí oníṣẹ́ àti ẹni tó ń bá a tajà sọ ibi tí rẹ́sìnì wà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà. Èkejì, kí a fi sùúrù gbẹ igi. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ̀ka ìmọ̀ igbó àti igi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi lọ béèrè ìmọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é sì máa bo imú wọn, nítorí eruku rẹ́sìnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀kẹta kan àwọn àgbà. Àwo ìpàtẹ nínú yàrá yàtọ̀ sí ọpọ́n Ifá. Ní tèmi, bí rẹ́sìnì bá wà ní etí ọpọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀, níbi tí ìka babaláwo ti ń tẹ odù, igi ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Èrò mi nìyẹn; ìdájọ́ wà lọ́wọ́ àwọn olúwo. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bi Ifá, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta, kí oníṣẹ́ lè mọ ibi tí yóò dúró.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àáfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, kú ní 1938. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ṣì ń dá àwọn èèyàn dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ ni ohun èlò tí oníṣẹ́ kì í rí rà lọ́jà. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwa tí à ń ra ohun òrìṣà ni a lè yí ìyẹn padà: ẹ máa béèrè, ẹ máa yẹ igi wò nínú oòrùn, ẹ sì máa san owó tó tó fún ẹni tó fi àpá hàn yín.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.