Etí Ọmọdé Kì í Ṣe Etí Kékeré: Lẹ́tà sí Àwọn Tí Ń Ṣe Eré àti Ìwé fún Ọmọ Yorùbá

Ẹ̀yin olóòtú ètò, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀yin onílé ìtẹ̀wé, àti ẹ̀yin onígbọ̀wọ́ tí ẹ ń náwó sí eré àti ìwé ọmọdé, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Olùkọ́ Yorùbá ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, bí mo bá sì rí ẹni tí ó ń ṣe ohun rere fún ọmọdé, orí mi a máa wú; ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù láti sọ ohun tí ó ń dùn mí lọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti ọmọ ọmọ mi, Àdùkẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, jókòó ti fóònù ìyá rẹ̀, a ń wo kàtúùnù kan tí wọ́n ní Yorùbá ni. Ọmọ ehoro kan bi bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá, ṣé o ti ṣe tán?”, bàbá náà fèsì pé inú òun dùn láti rí i, lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé orin kan tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kó lé e lórí sì ń tiro bí ẹni tí ó wọ bàtà ẹlòmíràn. Àdùkẹ́ gbójú sókè, ó ní, “Màmá àgbà, kí ló dé tí ehoro yẹn ń pe bàbá rẹ̀ ní ‘o’?” N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí ó sá pamọ́ fún odindi ilé iṣẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún ti rí i.

Àìsàn tí mo fẹ́ kí a wò nìyí: Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń ronú, Yorùbá ni ẹ fi ń bò ó lára. Bẹ́ẹ̀ ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí a fi ń ka nǹkan, ìgbà tí í ṣe àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, lẹ́tà kan náà ni a fi kọ gbogbo wọn, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ bá mú orin tí a dá fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ yóò di ọkọ́ lẹ́nu ọmọ, ọmọ náà yóò sì máa kọ ohun tí kò yé e. Bákan náà ni ìwé ọmọdé tí kò ní àmì ohùn: àgbà tí èdè ti jinná sí lára lè fi òye gbé e, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ kò rí ibi dì mú.

Àwọn baba wa kò pa àlọ́ bí ẹni tí ń da omi sínú ìkòkò. Àlọ́ apamọ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọpọlọ ọmọ ná; bí wọ́n bá sì wá dé orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, apàlọ́ a dá orin, àwọn ọmọ a gbè é, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtàn náà kò lè rìn síwájú bí ọmọ kò bá lanu. Àwòrán yín a máa sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dúró gba ègbè, kò dúró gba ìbéèrè. Ọmọ a kàn lajú sílẹ̀ bí ère.

Mo mọ èsì yín: owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òótọ́ ni. Bí a bá fi àwòrán 24 ṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 1,440 ni yóò wọ inú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo; ọmọdé kò sì ní àpò tí onípolówó ń wá. Lẹ́yìn tí Google àti YouTube gbà ní ọdún 2019 láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gba ìwífún àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí, ìpolówó tí ń tọ ipasẹ̀ olùwòran kiri ti kúrò lórí fídíò ọmọdé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ààbò tí ó tọ́ fún ọmọ ni, ṣùgbọ́n ó dín èrè àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà kù, n kò sì fojú di ìnira yín.

Ohun tí n kò lè gbà ni ibi tí ẹ ti ń fi owó náà pamọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí pé kí n wá yẹ èdè wò, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo sì bá a pé àwòrán ti parí, ẹnu àwọn ẹranko ti ń là, ó ń padé, ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ohun tí ó kù fún mi kò ju pé kí n gé Yorùbá kúrú kí ó lè wọ ẹnu tí a kò yà fún un. Ìpìlẹ̀ ni a fi sílẹ̀ di ìkẹyìn, owó òǹkọ̀wé sì ni ó kéré jù nínú ìṣirò náà.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé ni D. O. Fágúnwà nígbà tí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938, inú Yorùbá ni ó sì ti ro ó, tí ọmọ ilé-ìwé àti baba rẹ̀ fi jùmọ̀ ń kà á. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ ìwé tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú àwòrán. Ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ èdè, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ kó ọmọ mẹ́wàá jọ láti wo iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì máa wo ibi tí ojú wọn ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, torí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa òbí náà, ẹ jẹ́ kí a máa fi owó wa ra èyí tí ó dára.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo pa fóònù, mo pa àlọ́ Ìjàpá kan fún Àdùkẹ́, ó sì gbe orin náà títí oorun fi gbé e lọ. Ní òwúrọ̀, mo gbọ́ tí ó ń pa á fún ọmọláńgidi rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn; ó ti yí ìparí rẹ̀ padà, Ìjàpá tí ó jìyà lẹ́nu mi ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu tirẹ̀, wọ́n sì ti dárí jì í. Iṣẹ́ tí ọmọ bá lè gbà báyìí, kí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀, ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá àgbà Àdùkẹ́,
Ìbàdàn.