Ọkọ̀ Oníná ní Ojú Ọ̀nà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Níbo ni a ó ti Dúró Ṣáàjì?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ìwọ̀nba ilé ni ó kù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò tíì jókòó ṣe ìṣirò owó ọkọ̀. Àwọn kan ti pa ọkọ̀ wọn tì sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn kan ti yí ẹ́ńjìnnì tiwọn padà sí èyí tí ń lo gáàsì, àwọn díẹ̀ sì ti ń wo ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn, èyí tí a ó máa pè ní ọkọ̀ oníná nínú àpilẹ̀kọ yìí. Láàárín ìgboro Ìbàdàn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mú wàhálà púpọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ti Àkóbọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Agodi, tó sì ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, kò lè rìn ju 30 kìlómítà lọ lóòjọ́, ó sì lè fi ọkọ̀ sí ṣáàjì lóru. Ti ìrìn àjò ni ó ṣòro. Bí ènìyàn bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ńkọ́? Bí ó bá ní ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?

Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ọkọ̀ mọ́, ọwọ́ ibi tí ọkọ̀ yóò ti dúró ni ó wà. Bí a bá to ibùdó ìṣáàjì sí àwọn ìlú tó yẹ, ibi tó pọ̀ jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí ni ọkọ̀ oníná lè dé. Bí a bá sì kó gbogbo wọn jọ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ àwọn ará Ìbàdàn ni yóò jẹ́, àwọn ará Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá yóò sì máa wò ó bí ìran.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nissan Leaf wà lára àwọn ọkọ̀ oníná àlòkù tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ń gba 40 yúnìtì, irú yúnìtì kan náà tí a ń rà sórí mítà ilé wa, ni ìjọba Amẹ́ríkà díwọ̀n pé ó lè rin nǹkan bí 243 kìlómítà nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n àlòkù kì í ṣe tuntun. Bátìrì Leaf kò ní omi tí ń tù ú bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná mìíràn. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó gbójú lé, ooru sì tètè ń dín agbára rẹ̀ kù. Ní ọdún 2012, àwọn tó ra ọkọ̀ náà ní Arizona, ìpínlẹ̀ olóoru kan ní Amẹ́ríkà, ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn tiwa náà kò rọ̀.

Bí a bá gbà pé bátìrì bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀, 243 ti di nǹkan bí 194 kìlómítà. Ẹni tó bá sì mọ ìrìn àjò kì í jẹ́ kí bátìrì gbẹ tán lójú ọ̀nà, nítorí pé a kì í gbé iná sínú kẹ́ẹ̀gì wá bá ọkọ̀ tó kú sí ẹ̀bá igbó. Ó yẹ kí a tún fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nítorí òjò, nítorí ọ̀nà tí wọ́n dí, àti nítorí ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣeé pa lọ́sàn-án gangan. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan bí 155 kìlómítà. Iye yìí ni kí onímọ́tò fi ṣètò ìrìn rẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ ń fi yangàn. Ti Leaf àkọ́kọ́, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 24 yúnìtì, tún kéré sí i: 117 kìlómítà péré ni wọ́n díwọ̀n fún un ní tuntun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta lè lọ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ kí ó má sì lè padà. Òun ni ó sì máa ń pọ́ọ́kú jù lọ́jà, nítorí náà a rọ̀ yín kí ẹ ṣọ́ra.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé 155 kìlómítà yìí lé ojú ọ̀nà wa. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ jẹ́ nǹkan bí 53 kìlómítà. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tún jẹ́ nǹkan bí 52. Àlọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ìyọnu rárá. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ 210 kìlómítà. Ó di dandan kí ọkọ̀ náà jẹ nǹkan kan kí ó tó dájú kọ Ìbàdàn padà. Láti dá ohun tó lò ní àlọ padà, yóò gba nǹkan bí 20 yúnìtì láti orí mítà, nítorí pé díẹ̀ nínú iná a máa ṣòfò kí ó tó wọ inú bátìrì.

Ohun tí 20 yúnìtì yìí yóò gbà ní wákàtí dá lórí irú ibi tí a ti gbà á. Láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, tí iná bá pé, yóò tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Láti ara àpótí ìṣáàjì tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó ń fúnni ní kílówáàtì mẹ́fà tàbí méje, wákàtí mẹ́ta ti tó. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ìṣáàjì ńlá oní-50 kílówáàtì irú èyí tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí a fi ń jẹ iyán kí a sì fọwọ́. Àwọn tó gbọ́n ní ilẹ̀ náà kì í dúró kí bátìrì kún dé ẹnu. Bí ó bá ti dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, wọ́n á yọ wáyà, nítorí pé ìdá tó kù yẹn ni ó máa ń falẹ̀ jù.

A sọ pé "tí iná bá pé." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó ní fólítéèjì 230 lè sọ̀ kalẹ̀ sí 170 ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, oorun wákàtí mẹ́jọ á sì di wákàtí méjìlá. Àdúgbò tó wà ní ìsọ̀rí Band A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ fún. Àwọn ìsọ̀rí tó kù kéré sí i. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan nítorí ṣáàjì tó béèrè nípa oúnjẹ tàbí iye yàrá, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago béèrè ìsọ̀rí iná wọn, wákàtí tí iná sábà máa ń dé lóru, àti bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wáyà rẹ̀ nípọn, tí ó sì ní wáyà ilẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí a fi ń tan tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé ẹrù yìí fún wákàtí mẹ́jọ. Yóò gbóná, ó sì lè dá iná sílẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé iye yúnìtì kan fún Band A sí 225 náírà. Iye náà ti lọ sókè sódò díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ṣírò, 20 yúnìtì jẹ́ 4,500 náírà. Ọkọ̀ elépo tó ń jẹ líta mẹ́jọ nínú 100 kìlómítà yóò jẹ nǹkan bí líta mẹ́jọ àti àbọ̀ ní ọ̀nà kan náà. Bí líta bá jẹ́ 900 náírà, ó ti lé ní 7,500. Èrè wà níbẹ̀. Àmọ́ bí onílé ìtura bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí yín, èrè náà ti pòórá. Líta díṣẹ́ẹ̀lì kan kò mú ju nǹkan bí yúnìtì mẹ́ta jáde, nítorí náà nǹkan bí líta méje ni yóò jó, ọkọ̀ tí a ní kò lo epo á sì ti máa mu díṣẹ́ẹ̀lì láti ẹ̀yìn. Ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe.

Ní ọ̀nà Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dára, ọkọ̀ oníná sì fẹ́ràn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúró-kí-n-yà púpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ kò bá ti sáré kọjá nǹkan bí 80 tàbí 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Eré àsápajúdé ni ó ń mu bátìrì jù òkè lọ. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn dé Ṣakí lé ní 150 kìlómítà. Ọkọ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìpayà ní àlọ, kò sì ní lè gbìyànjú àbọ̀ àfi tí ó bá sùn. Ẹni tó ní ìbátan ní Ìgbòho tàbí Kíṣí kò tilẹ̀ lè ronú rẹ̀. Ibùdó kan ṣoṣo ní Ìsẹ́yìn yóò sọ ìrìn Ṣakí di ohun tó rọrùn; òmíràn ní Ṣakí yóò ṣí àríwá ìpínlẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ bá ara wa ní irú ipò yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe ọkọ̀ elépo, gbé ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan ní gbogbo ayé nígbà náà. Nígbà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, ó yà sí ilé olóògùn kan ní ìlú Wiesloch, ó sì ra òróró tí wọ́n fi ń fọ abàwọ́n aṣọ níbẹ̀. Àwọn ará Wiesloch ń fi ilé olóògùn náà yangàn títí di òní pé òun ni ilé epo àkọ́kọ́. Ohun tí èyí fi yé wa ni pé ibùdó a máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí oníṣòwò kan ti ní ohun tí arìnrìn-àjò nílò ní ìkáwọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà àti ilé epo tó ti ní iná ni irú ibẹ̀.

Síbẹ̀, oníṣòwò nìkan kò lè parí iṣẹ́ náà. Orílẹ̀-èdè Norway, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ oníná ni nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà ní ọdún 2024, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2015 sí i fi owó ìjọba ran àwọn tó bá kọ́ ibùdó ìṣáàjì sẹ́bàá ọ̀nà ńlá lọ́wọ́, kí ó má ju 50 kìlómítà lọ láàárín ara wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ sáré síbi tí èrò pọ̀ sí. Apá àríwá, Finnmark, tí ilé kò pọ̀ sí, ni ó kẹ́yìn, ìjọba sì ní láti tún owó mìíràn yà sọ́tọ̀ fún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ti sọ 60 kìlómítà di òfin fún àwọn ọ̀nà pàtàkì jù lọ rẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n 60 yìí lé ilẹ̀ tiwa, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí i wẹ́kú, Ìsẹ́yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn, Ṣakí, pẹ̀lú Èrúwà fún Ìbàràpá: ìlú mẹ́fà ni ó lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ní tiwa, bí owó kò bá tó mẹ́fà, Ìsẹ́yìn ni kí a fi ṣáájú, kì í ṣe Ìbàdàn, nítorí pé ará Ìbàdàn ti ní ilé rẹ̀ tó lè fi ọkọ̀ sí.

Níbi tí iná ìjọba kò bá ṣeé gbára lé, oòrùn wà. Ní ọdún 2021, àjọ NADDC ṣí ibùdó ìṣáàjì tó ń lo oòrùn sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Pánẹ́ẹ̀lì oní-kílówáàtì mẹ́wàá ní agbègbè wa lè mú nǹkan bí 35 sí 40 yúnìtì wá lóòjọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn oúnjẹ ọkọ̀ méjì tó bá ti Ìbàdàn wá. Ní ìgbà òjò, yóò dín kù.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí a jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́: ẹnu wáyà. Ti Leaf yàtọ̀ sí èyí tí Yúróòpù ń lò, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Ṣáínà, ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná tuntun ti ń wá báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní láti mọ ẹnu tí tirẹ̀ ní kí ó tó sanwó. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣàkóso ọjà iná tiwọn, nítorí náà ìbéèrè nípa irú ẹnu tí ibùdó yóò ní, iye tí wọn yóò máa tà á, àti ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ wa nílé níbí ni a ti lè dá a lóhùn kí àwọn ibùdó tó pọ̀.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin onílé ìtura ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, àpótí kílówáàtì méje kan lára ògiri kò ju ohun tí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún ń fà lọ. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ kí ó wo wáyà àti mítà yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sára pátákó ìta pé ẹ ní ibi ṣáàjì.