Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kabúrétọ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí kabúrétọ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà, bá kọṣẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó ní Èkó lónìí, ìmọ̀ràn méjì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Àwọn kan yóò ní kí ó ta ọkọ̀ náà fún àwọn oníkóńdẹ́mù, kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí òun sì lọ ra èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó wá kabúrétọ̀ yòówù tí ó bá rí, ìbáà ṣe ti ọkọ̀ kékeré, kí ó fi dí ojú ihò náà. Ìmọ̀ràn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju irin kan ṣoṣo lọ.

Ẹ má jẹ́ kí a fojú yẹpẹrẹ wo àwọn ọkọ̀ tí mo ń wí yìí, nítorí bí ọmọdé bá tilẹ̀ ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Nígbà tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí a ń pè ní 2F sínú Land Cruiser ní 1975, ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 4,230 cc, agbára tí ó sì ní láti fa ẹrù nínú yanrìn àti ẹrẹ̀ kò kéré. Ford ti Amẹ́ríkà ti gbé ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ńlá tirẹ̀ jáde láti 1965, kò sì bọ́ kabúrétọ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí di 1987. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kan náà ni ó sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́rì Bedford tí àwọn bàbá wa kan pákó lé lórí, tí wọ́n sọ di bọ̀lẹ̀kájà, tí wọ́n fi kó ọjà àti ènìyàn láti oko dé Èkó. Ní agbègbè wa yìí, láti Ajah títí dé Ìbẹ́jú, níbi tí ilé ìtajà Novare ti ṣílẹ̀kùn ní Ṣàngótẹ̀dó ní 2016, tí èbúté ńlá Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo bẹntiróòlù jáde ní 2024, ilé kíkọ́ kò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó sì ń fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ǹtì, irin àti bulọ́ọ̀kù fún àwọn akọ́lé kò gbọdọ̀ sọ píkọ́ọ̀pù tí ṣáṣí rẹ̀ ṣì le koko nù nítorí ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé.

Ṣùgbọ́n ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí iná tó mú un nínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà yóò gba ibi tóóró kan kọjá nínú rẹ̀. Bí ó sì ti ń sáré gba ibẹ̀, yóò máa fa epo yọ láti ojú ihò tíntìntín tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, epo náà yóò fọ́n bí ìkùukùu, yóò sì bá afẹ́fẹ́ wọ inú sìlíńdà lọ. Nínú àwo epo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun kan ń léfòó tí ó ń ṣí abẹ́rẹ́ ojú epo tí ó sì ń pa á dé, kí epo má baà kún jù, kí ó má sì gbẹ. Kabúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà dà bí ìyá tí ń bu oúnjẹ fún ọmọ mẹ́fà láti inú ìkòkò kan ṣoṣo: bí a bá gbé ìkòkò ọmọ mẹ́rin fún un, ebi kò ní í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí a bá gbé kabúrétọ̀ ọkọ̀ kékeré lé ẹ́ńjìnnì ńlá, ọkọ̀ náà lè máa kùn wọ̀ọ̀ lórí ìdúró kí inú olówó rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ru ẹrù gun afárá, epo kò ní í tó o, ojú púlọ́ọ̀gì yóò funfun, ooru yóò gba ẹ́ńjìnnì kan, fáàfù yóò sì jó. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Bí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sì tóbi jù, èéfín dúdú ni yóò máa yọ, epo yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, òfò yóò sì pọ̀, pàápàá láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye lítà kan fi fò láti nǹkan bí náírà 185 kọjá 480 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni bóyá kabúrétọ̀ náà ti kú ní tòótọ́. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ wa wà. Atẹ́gùn oníyọ̀ kì í jẹ́ kí irin sinmi, bí ọkọ̀ bá sì jókòó pẹ́, omi inú epo yóò mú kí ara kabúrétọ̀ hu ẹfun funfun, kí jẹ́ẹ̀tì dí, kí rọ́bà inú rẹ̀ gan, kí abẹ́rẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ó wà. Gbogbo èyí ni ọwọ́ ènìyàn lè tún ṣe. A ó tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi atẹ́gùn fẹ́ ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfi wáyà gún un, nítorí wáyà a máa fẹ ojú jẹ́ẹ̀tì. A ó ra kítì tuntun sí i. Bí ohun tí ń léfòó bá jẹ́ ti idẹ tí ó sì ti lu, a ó fi òjé dí i lẹ́yìn tí a bá ti lé epo inú rẹ̀ jáde tán, kí ó má baà gbiná. Bí ojú ibi tí kabúrétọ̀ náà fi jókòó bá ti wọ́, a ó fi sáńpépà lórí gíláàsì tẹ́ ẹ títí yóò fi gún. Bí ihò tí ọ̀pá tí ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń yí nínú rẹ̀ bá sì ti fẹ̀, tí ó ń fa afẹ́fẹ́ olè, àwọn tọ́nà tí ń fi ẹ̀rọ yí irin lè fi búṣì idẹ dín in kù. Ẹni tí kò bá tí ì ṣe gbogbo èyí tí ó sì ti ń wá òmíràn rà, òkò àbínújù ni ó ń sọ, kì í sì í pẹyẹ.

Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti là tàbí tí ó ti fọ́, a kò ní ṣàì na ọjà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Ládípọ̀ ń bẹ ní Muṣin, Owódé Onírin ń bẹ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ASPAMDA ń bẹ ní Trade Fair lójú ọ̀nà Bàdágírì, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì gbé e dé Ìbàdàn yóò bá Aráròmí ní Gétì. Kí ẹni tí ń lọ má ṣe fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe. Kí ó gbé èyí tí ó bàjẹ́ dání, kí ó wé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára mọ́ èyí tí wọ́n bá mú jáde, kí ó wo àlàfo tí ó wà láàárín ihò bóòtù ìsàlẹ̀, fífẹ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́, apá ibi tí epo ń gbà wọlé, àti bí apá tí ó so mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe ń rìn. Tòkunbọ̀ tí ó bá Land Cruiser dé lè dára ju tuntun lọ bí ọ̀pá rẹ̀ kò bá mì. Èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe àwòkọ rẹ̀ fún 2F sì lè ṣiṣẹ́ bí mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n bá tún jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò kí ó tó dè é. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́; ẹni tí ó bá fi ojú owó nìkan wọ̀n ọ́n yóò rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọkàn mi ti gbọgbẹ́ jù lọ nìyí: mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n náà ń dínkù. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń fi etí gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì ti ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun kò sì kọ́ ju bí a ti ń fi ẹ̀rọ ka àléébù ọkọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Bí ilẹ̀ sì ti ń gbówó lórí, tí ẹ́sítéètì ń gba ibi tí ọgbà mẹkáníìkì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń lé àwọn ọmọ Ògún Lákáayé wọ̀nyí kiri bí ẹni tí kò ní ìlú. Àgbà kò sí ní ìlú, ìlú bàjẹ́. Àwọn kan yóò ní ọkọ̀ àtijọ́ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, òtítọ́ sì ni fún èyí tí a kò tọ́jú. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ amòye bá ti po epo àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní déédéé kì í rú èéfín dúdú, ẹni tí ṣáṣí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì ti jẹrà, èmi kò sọ pé kí ó má jọ̀wọ́ rẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ kéde ní 2021 pé òun yóò tún máa ṣe àwọn ẹ̀yà ara kan fún Land Cruiser àtijọ́ 40 Series, èyí tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 1984. Bí ẹni tí ó bí ọmọ kò bá kọ ọmọ rẹ̀ lágbà, kí ni ó dé tí àwa yóò kọ̀ ọ́?

Ẹ má sì ṣe rò pé ìmọ̀ kabúrétọ̀ ti kógbá sílé. Ó wà lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àti ẹ̀rọ tí ń gé koríko, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ń ná ọ̀sà láti Badore lọ sókè. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kò ní í fi ebi sùn. Ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1980 sí àárín àwọn mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ Suame Magazine, láti kọ́ wọn ní lílo ẹ̀rọ tí ń yí irin. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ ní Odómọlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ojú ọ̀nà kan náà tí ó gba Ṣàngótẹ̀dó kọjá ni wọ́n sì ń gbà débẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn ọ̀gá àgbà wọlé láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n sì san owó fún wọn bí a ti ń san án fún olùkọ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wa náà ya ilẹ̀ tí kò ṣeé tà sọ́tọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì àti tọ́nà, kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ó ń tún nǹkan ṣe kí ẹ tó gbé owó fún ẹni tí ń tà á, nítorí iṣẹ́ tí ẹ bá gbé fún un lónìí ni yóò fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ó nílò lọ́la.