Òǹkà Oríta Inú Ètò Kọ̀ǹpútà àti Òǹkà Yorùbá

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó fúnra rẹ̀ kọ wá sí ẹ̀ka wa. Iṣẹ́ ètò náà ni láti sọ nọ́ńbà tí a bá tẹ̀ di ọ̀rọ̀ Yorùbá. A tẹ 45, ó sì kọ "ogójì lé márùn-ún". Nígbà tí a bi í léèrè ibi tí márùndínláàádọ́ta wọlẹ̀ sí, èsì rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni òun kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí òun fi ń yẹ kóòdù wò sọ pé ó ti díjú jù. Ni òun bá tún un tò.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kà. Ní ọdún 1976, Thomas McCabe gbé òṣùwọ̀n kan jáde: kí a ka oríta inú abala ètò kan, ìyẹn ibi tí ètò ti ń béèrè pé "bí ó bá rí báyìí ńkọ́?", kí a sì fi ẹyọ kan lé e. Ó dábàá 10 gẹ́gẹ́ bí ààlà. Òṣùwọ̀n yìí wúlò, a kò jiyàn rẹ̀, nítorí pé bí oríta bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà tí a ní láti dán wò ṣe ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kíka oríta yàtọ̀ sí wíwọn ìrọ̀rùn kíkà. Abala tí ó ń béèrè ìbéèrè 12, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ó tó dárúkọ oṣù náà, yóò gba 13, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé díẹ̀ lè tọ ipa rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òmíràn tí ó ní oríta 3 péré, tí ọ̀kan wà nínú ọ̀kan bí àpò inú àpò, tí orúkọ inú rẹ̀ kò sì ju a, b àti x lọ, 4 ni yóò gbà. Èwo ni ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ kà?

Ní ti òǹkà Yorùbá, oríta inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó kọ ètò. 44 jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, ṣùgbọ́n 46 jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá ní ìrísí tiwọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ní tiwọn. Inú èdè ni gbogbo èyí wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àtúntò, gẹ́gẹ́ bí Martin Fowler ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1999, ni títún inú ètò ṣe láì yí ohun tí ètò náà ń ṣe lójú òde padà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yí èsì padà. Ohun tí ó ṣe kì í ṣe àtúntò rárá, ó gé èdè kúrú kí nọ́ńbà irinṣẹ́ lè wálẹ̀ ni.

Ohun tí a ní kí ó ṣe ni pé kí ó pín iṣẹ́ náà sí abala kéékèèké, kí ó pe ọ̀kan ní "lé", kí ó pe èkejì ní "dín", kí àwọn tí ó ṣàjèjì sí òfin sì wà nínú àkójọ kan lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ gírámà Yorùbá yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. A tún fọwọ́ kọ 1 dé 200 fún un, kí ó máa fi yẹ èsì wò lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó padà wá, 45 ni ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ fún wa.