Ajá Kì Í Ṣe Ti Ọjà: Kí Olówó Ajá Bọ́ Ajá Ẹ̀

  

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù ẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀rọ̀ hẹ̀rẹ̀-hùrù yìí la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni, àwọn tó ń sin ajá, tó ń sin ewúrẹ́, tó ń sin ológbò, tí wọn ò tọ́jú ẹ̀, tí wọ́n wá gbé gbogbo ẹ̀ kọ́ ọjà lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká là á kó yé ara wa. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin ajá. Ajá ń ṣọ́ ilé, ajá ń ṣọ́ ìsọ̀. Àwọn ọdẹ wa láyé àtijọ́ ò kóyán ajá kéré: bí wọ́n bá pẹran dé, wọ́n mọ ìpín ajá nínú ẹ̀. Ológbò náà, bí kì í bá ṣe tiẹ̀, èkúté ìbá ti kó wa ní gàrí àti èlùbọ́ tán. Ẹni tó ń sin ín tí kò bọ́ ọ, tí kò wẹ̀ ẹ́, tí kò mọ ibi tó sùn, ni à ń bá wí.

Ṣebí ẹ̀yin náà ń rí i. Ilẹ̀ á mọ́, olówó ajá á ṣílẹ̀kùn, ó di kí ajá máa wá oúnjẹ lọ. Ibo ló ń lọ? Ọjà ni. Ìdí tábìlì alápatà, ẹ̀yìn ìyá olóúnjẹ, orí ààtàn. Ikùn ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eégbọn ti di ìlẹ̀kẹ̀ sí i létí. Ajá yìí nílé o! Ó lórúkọ, Bingo ni wọ́n ń pè é. Bí olè bá wọ ilé olówó ẹ̀ lóru, wọ́n á ní Bingo wa gbóyà. Ṣùgbọ́n tí ebi bá ń pa Bingo, ó ti di ajá ọjà nìyẹn.

Láfún tí a rẹ, tí a fọ̀, tí a sá sóòrùn, ajá á gbabẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ á tọ̀ sí i. Ẹni tó ń sá àdìrẹ á yíjú, ẹsẹ̀ ajá á ti wà lórí aṣọ tó fẹ́ tà fún oníbàárà. Ti ewúrẹ́ tiẹ̀ tún ní ẹ̀rín nínú. Ewúrẹ́ tí kò ní olówó nígbà tó ń jẹ ẹ̀fọ́ yín, ẹ sáà jẹ́ kí igi bà á, olówó ẹ̀ á yọ kíá. Á ní oyún ló wà nínú ẹ̀, á ní kí ẹ san án. Ta ló máa san owó ẹ̀fọ́? Àwọn mìíràn tún wà tí ajá wọn tàbí ológbò wọn á bímọ, tí wọ́n á di àwọn ọmọ náà sínú àpò, tí wọ́n á wá dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọjà lóru. Wọ́n lérò pé àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọmọ ajá wọ̀nyí ti di ọ̀wọ́ ajá tí ẹnikẹ́ni ò lè pè lórúkọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́ nìkan ni, à bá ní ká fara mọ́ ọn. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àrùn dìgbòlugi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àrùn yìí ń pa èèyàn tó bíi 59,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni púpọ̀ nínú wọn. Nínú 100 ẹni tí dìgbòlugi mú, 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nínú 100 tí ajá bù jẹ lọ́nà báyìí, bíi 40 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àwọn ọmọ wa nìyẹn! Àwọn tó ń ti ilé ìwé bọ̀ wá bá wa ní ìsọ̀, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, tí ajá tí ebi ń pa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Àrùn yìí burú ju bí a ṣe rò lọ, torí kì í yá hàn. Ẹni tí ajá jẹ lónìí lè máa tajà ẹ̀ lọ fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, ojú ọgbẹ́ á ti jiná, á ti gbàgbé. Ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba èèyàn lẹ́rù, kò sí oògùn mọ́, òyìnbó àti ìbílẹ̀. Kó tó débẹ̀ nìkan ni ọ̀nà wà. Ajá tó ní in náà kì í fìgbà gbogbo sáré kiri kó máa da itọ́ lẹ́nu bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Òmíràn á kàn dákẹ́, á lọ forí pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ẹnu ẹ̀ á là sílẹ̀, ohùn ẹ̀ á yí padà. Ọmọdé á ní àìsàn ló ń ṣe é, á nawọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ fi eléyìí sọ́kàn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ ìsọ̀ yín. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, tàbí tó fi èékánná ya á, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má jó irun ajá lé e. Lẹ́yìn náà, ọsibítù ni. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, ẹ má dúró kí ọjà tú. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ọjọ́ tí dókítà bá dá ni kí ẹ padà lọ, títí yóò fi pé.

Gbogbo wàhálà yìí, abẹ́rẹ́ kan fún ajá lọ́dọọdún ló ń dí i. Láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti bí ajá ló ti tó o gbà. Abẹ́rẹ́ ajá kì í ṣe ohun àjèjì. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1924, ń ṣe é nílẹ̀ Nàìjíríà níbí. Àwa ọmọ Abẹ́òkúta, a tiẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹran ní Alábàtà, nínú Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ìyẹn FUNAAB. Ẹni tó ń gbé ní Abẹ́òkúta kò lè sọ pé òun ò mọ ibi tí dókítà ẹran wà.

Tí a bá wá bá aládùúgbò sọ ọ́, kí ló ń fọ̀? Àkọ́kọ́, á ní, "Ajá mi kì í jẹni." Ẹ̀gbọ́n, ajá gbogbo ni kì í jẹni títí ọjọ́ tó bá jẹni. Èkejì, á ní, "Àwa gan-an ò tíì jẹun yó, ẹ ní ká máa bọ́ ajá." A mọ̀ pé ìlú le, àwa náà là ń tajà, a mọ iye tí kóńgò gàrí kan ń lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ajá dandan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká ajá mẹ́rin, kó sin ẹyọ kan. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká ẹyọ kan, kó ra àgádágodo tó dáa. Ẹ̀kẹta, á ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ẹran." Òótọ́ ni, màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a léṣinṣin. Ajá tó lólówó ńkọ́? Olówó ẹ̀ ló yẹ kó bá a já eégbọn.

Àwọn kan nínú wa ti ń dámọ̀ràn pé ká fi oògùn eku sínú ẹran, ká fọ́n ọn ká. A ò gbà. Ọmọdé ń ṣeré nínú ọjà, ewúrẹ́ ẹlòmíràn ń jẹ kiri, ẹran tó ní májèlé nínú ò mọ ẹni tí wọ́n fi dè. Yàtọ̀ síyẹn, pípa ajá kì í lé dìgbòlugi lọ. Bí a bá pa mẹ́wàá lónìí, mẹ́wàá mìíràn á gba ipò wọn, wọn ò sì tíì gba abẹ́rẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà ò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ajá tó bá sì jẹni, tí wọn ò pa á, wọ́n lè so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí ò ní kí ẹni tó jẹ má tètè lọ ọsibítù o. Ajá ò kúkú jẹ̀bi. Ebi ló lé e wá.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, abala 495, ní ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san 50 náírà. Owó yẹn ti di ohun ẹ̀rín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ò di ẹ̀rín. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà kọ ọ́ dúdú lórí funfun, nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé àwọn ni kí wọ́n máa bójú tó sísìn ẹran ilé àti rírìn kiri wọn. Ibi kan náà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọjà sí ni. Òfin 1998 tó to orúkọ owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, owó ọjà wà níbẹ̀, owó ìwé àṣẹ ẹran ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá sọ fún wa, èwo nínú méjèèjì ni wọn kì í gbàgbé? Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni. Àwọn ìyá wa tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún ní 1947 ò kọ owó-orí lásán. Wọ́n ní wọn ò lè máa gba owó lọ́wọ́ obìnrin kí ẹnu obìnrin má wà nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Àwa náà tí à ń san owó ọjà, ó tọ́ ká béèrè pé: owó ajá dà, àti olùtọ́jú ajá dà?

Ṣùgbọ́n a ò ní káwọ́ gbera títí ìjọba á fi dé. Àáró ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ẹni kan ò dá oko ẹ̀ ro. Nítorí náà, ohun tí a ń dá lábàá nìyí, kí ẹgbẹ́ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀:

Kí olórí ìlà kọ̀ọ̀kan ka àwọn ilé tó yí ìlà ẹ̀ ká tí wọ́n ń sin ajá, kí ìyá méjì tó jẹ́ àgbà lọ bá wọn nílé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Kì í ṣe láti jà. Obì la bá wá, ìjà kọ́.

Kí àwọn alápatà àti olóúnjẹ gba ike tó ní ìdérí, kí egungun má bọ́ sílẹ̀. Ajá tí kò rí nǹkan jẹ lọ́jà á padà sílé, olówó ẹ̀ á wá mọ̀ pé ebi ń pa á.

Kí ajá tó ń bá àwọn ọdẹ wa ṣọ́ ọjà jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn ká lè dá a mọ̀.

Kí a dá owó díẹ̀díẹ̀, kí a pe dókítà ẹran wá sí àdúgbò ọjà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi láti 2007. Ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní 1895 ni, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní 1885, tí ọmọ náà sì yè. Ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n ti ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìlú Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin aládùúgbò wa, tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má bínú. Ọ̀tá kọ́ la bá yín ṣe, ẹ̀yin lẹ ń ra ọjà wa. Ẹ bọ́ ajá yín, ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹ gún ajá lábẹ́rẹ́. Ọmọ tí ajá yín lè jẹ, ó lè jẹ́ tiwa, ó lè jẹ́ tiyín.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ọmọ wa ṣe ẹ̀kọ́ o. Ire o, ọjà á tà.