Ta Ni Yóò Ka Ìwé Tí Ẹ Jù Sílẹ̀?

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ìwé a máa rọ̀ bí òjò. Ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ẹgbẹ́ yóò máa sáré lọ, ẹ̀rọ agbóhùnsókè yóò máa pariwo orin, àwọn ọ̀dọ́ tí ó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà yóò sì máa fọ́n ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú sí ojú títì bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé náà ti di ohun tí a fi ń di àkàrà àti ẹ̀pà. Èyí tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe ní ìdí àkàrà yóò bá àgbàrá wọ gọ́tà lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ni ìwé yóò jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, yóò ní òun ti pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ará ìlú ti gbọ́. Irọ́ ni. Ará ìlú kò gbọ́ nǹkan kan. Àkàrà ni wọ́n jẹ.

Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre kan tí kì í tán ní ẹnu wọn. Wọn a ní àwọn ènìyàn wa kì í kàwé mọ́; wọn a ní ẹni tí ebi ń pa kò ní etí ìgbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú; wọn a ní ìrẹsì àti owó ni ará ìlú ń retí, kì í ṣe ìwé. Èmi kò gbà. Ohun tí mo ń wí ni pé kì í ṣe òǹkàwé ni ó kọ ìwé sílẹ̀. Ẹni tí ń pín ìwé ni ó kọ òǹkàwé sílẹ̀. Iṣẹ́ akéde ni pínpín ìwé ìròyìn òṣèlú. A ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ akéde, a sì gbé e fún alábàárù.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn wò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ rò ó wò: ìwé kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà kò ju àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ àti àwọn tí ó ti Sierra Leone dé lọ. Síbẹ̀, wọn kò fọ́n ọn sí ojú ọ̀nà. Owó ni wọ́n fi ń rà á, títí di ọdún 1867 tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé fi òpin sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń dá sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá àti ti Èkó débi pé inú aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó kò dùn sí i rárá. Ṣé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ka owó ẹyọ sílẹ̀ nítorí ìwé ni a ó wá sọ pé ọmọ wọn kò fẹ́ràn ìwé?

Ní Èkó, láàárín ọdún 1922 sí 1928, Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́nígà, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas jáde ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ìgbà tí òṣèlú Èkó gbóná janjan ni èyí, nígbà tí Herbert Macaulay àti àwọn alátakò rẹ̀ ń wọ́ ara wọn ní ìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú sí ọgbọ́n tí Thomas lò. Ní ọdún 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá ní díẹ̀díẹ̀ nínú Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé sì ń retí èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó wá ìtàn Sẹ̀gilọlá wá ni ó ń bá ọ̀rọ̀ ìlú pàdé ní ojú ewé kan náà. Thomas mọ ohun tí ẹni tí ó fẹ́ ta ìwé fún ń fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tòní mọ iye ọkọ̀ tí yóò kó ìwé. Wọn kò mọ orúkọ òǹkàwé kan ṣoṣo.

Mo pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ akéde, n kò sì fi ṣe àwàdà. Akéde kì í lu agogo ní ọ̀sán gangan nígbà tí ará ìlú wà ní oko. Àṣálẹ́ ni ó ń jáde, nígbà tí àgbẹ̀ ti dé, tí ọlọ́jà ti sọ ẹrù kalẹ̀. Kì í dúró sí ẹnu odi kí ó ké e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì yí padà. Àdúgbò dé àdúgbò ni. Ará ìlú mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an, bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé wọn, wọ́n lè bi í. Bákan náà ni àrokò. Ẹni tí ó ru àrokò kò gbọdọ̀ jù ú sí ojúde ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ ni ó fi ń lé e lọ́wọ́, yóò sì fara balẹ̀ wo bí ojú ẹni náà ti rí nígbà tí ó gbà á, nítorí pé yóò padà lọ jábọ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú wo ni ó wà nínú ìwé tí a jù láti inú ọkọ̀ tí ń sáré? Ta ni ó sì ń padà lọ jábọ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà àtijọ́ nìkan ni mo ń gbé lárugẹ, kí ó wo Abẹ́òkúta ní àárín àwọn ọdún 1940. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pínpín. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti àwọn obìnrin ọlọ́jà, wọ́n ń kọ́ wọn ní á, bí, dí. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ń dun ọlọ́jà: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti owó-orí tí wọ́n ń bù lé wọn. Nígbà tí ìjà owó-orí wá le, kò sí ìdí láti máa wá ẹni tí yóò ka ìwé ẹgbẹ́, nítorí pé ẹgbẹ́ ti bí àwọn òǹkàwé tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀. Ó padà dé lẹ́yìn náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tún sọ fún mi pé ìyá ọlọ́jà kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ohun tí kò bìkítà fún ni ẹni tí kò bìkítà fún un.

Ẹ tún wo ìgbà tí ó sún mọ́ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1993, ìjọba ológun ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, wọ́n fi òfin de TheNews, TEMPO sì bọ́ sí ojú ìjà. Kúnlé Àjíbádé ti TheNews àti George Mbah ti Tell wà lára àwọn tí wọ́n sọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1995; ọdún 1998 ni wọ́n tó rí òmìnira gbà. Àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní ìkòríta náà fi ara gbá nínú rẹ̀: ọlọ́pàá ń mú wọn, wọ́n sì ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Abẹ́ ìwé mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú èyí tí ìjọba kò fẹ́ sí. Oníbàárà tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni wọ́n ń fà á yọ fún. Kò sí ọkọ̀, kò sí orin, kò sì sí ọ̀fẹ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń wá a kiri. Ìdí ni pé ẹni tí ń tà á mọ ẹni tí ń rà á, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé nǹkan wà nínú ewu.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí á pín in, nígbà náà? Ẹni tí yóò pín ìwé gbọ́dọ̀ ti kà á. Èyí dà bí ohun tí kò yẹ ní sísọ, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní ohun tí ó wà ní ojú ewé kejì, kí ẹ sì wo bí wọn yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó rù, ẹrù ni ó ń rù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ibi àti àkókò. Ẹni tí ń sáré bá mọ́tò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba ìwé, bí ó bá sì gbà á, àpamọ́wọ́ ni yóò fi í sí títí yóò fi gbàgbé. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó dúró de nǹkan ni ibi ìwé: ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ìdí ọlọ́tí, iwájú ilé ìwòsàn, garéèjì tí ọkọ̀ kò tíì kún. Ìwé kan tí a fi lé aránṣọ lọ́wọ́, tí a sì bá a sọ ọ̀rọ̀ lé lórí, ènìyàn mẹ́wàá yóò gbọ́ ọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọgọ́rùn-ún tí a dà sí ìkòríta, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìwé kò kún etí.

Ìpadàbọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó pín ìwé ní ọ̀sẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó bèèrè pé, “Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Kí ni ẹ ti rí i sí?” Bí bàbá bá ní irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ó má ṣe jà, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì gbé e lọ fún àwọn tí ó kọ ọ́. Ìwé ìròyìn òṣèlú tí kì í gba èsì, pàṣán ni.

Ní ti èdè, ìtìjú ni ó yẹ kí ó mú àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ìbò alátà ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí alátà! Ilé iṣẹ́ Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, ní Ìròyìn Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sketch ní Gbohùngbohùn, Concord sì ní Ìsọ̀kan. Nígbà tí Alárọ̀yé fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1996, ní àárín gbùngbùn ìjọba Abacha, ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n ní wọn kì í kàwé yóò kà á bí a bá kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi ń lá àlá. Owó tí ẹgbẹ́ ń ná lórí bébà dídán àti àwòrán olóyè tó láti san owó ẹni tí yóò kọ ojúlówó Yorùbá. Wọn kò fẹ́ ni. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ kì í ṣe ti ará ìlú. Kí àwọn ọ̀gá wọn lè rí i ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mekúnnù kò ní owó ìwé, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni àánú. N kò sọ pé kí á tà á ní ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní òwúrọ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ẹ ó bá àwọn tí kò ní owó ìwé tí wọ́n pagbo yí i ká, tí wọ́n ń ka àkọlé, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí títí oòrùn yóò fi mú. Àwọn mìíràn ń san owó táṣẹ́rẹ́ kí wọ́n lè ṣí i wò níbẹ̀. Mekúnnù ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ó fọ́n nǹkan sí wọn. Owó kékeré tí a gbà lórí ìwé kì í ṣe èrè. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó gbà á fẹ́ ẹ. Bí a bá sì fẹ́ fi ṣe ọ̀fẹ́, kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ọwọ́ méjèèjì fún ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ayé WhatsApp ni a wà yìí, bébà ti kú. Ọ̀rọ̀ orí fóònù yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ lè pa á rẹ́ ní ọ̀la, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sì lè má mọ ibi tí ó ti wá. Ìwé tí olóṣèlú tẹ̀, tí ó fi orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, tí ìyá kan fi pamọ́ sí abẹ́ ẹní fún ọdún mẹ́rin, ẹlẹ́rìí ni. Ní ọjọ́ tí ẹni náà bá tún padà wá tọrọ ìbò, ìyá náà lè nà án sí i pé, “Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ èyí. Títì náà dà? Omi náà dà?” Bóyá ìdí nìyí tí inú àwọn kan fi ń dùn bí ìwé wọn bá bá àgbàrá lọ.

Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, ti ọmọ ni a fi í jẹ́ ẹ. Àwọn tiwa yí i padà: iṣẹ́ ọmọ ni ìlú rán wọn, ti ẹrú ni wọ́n ń fi jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gba òṣèlú gbọ́, ẹ dín iye ìwé kù sí ìdajì, kí ẹ sì sọ iye ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń rìn di ìlọ́po méjì. Kí ẹ tó kó ìdì mìíràn láti ilé ìtẹ̀wé, kí olúkúlùkù yín kọ orúkọ ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀, àwọn tí ó ka èyí tí ẹ pín kẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n wí. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dárúkọ ènìyàn mẹ́wàá tí ó ka ìwé rẹ̀ kò pín ìwé. Ìdọ̀tí ni ó dà sí títì.