Kí ẹ tó ra oògùn jẹjẹrẹ ọmú, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àgbà wa ní Ìdó-Ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ òní dópin.

Ìyá kan wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó kó oògùn sínú ọ̀rá dání. Tamoxifen ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lò ó tí ara rẹ̀ yá, ni òun náà bá ń lo èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí kókó yọ sí i lọ́mú. Oṣù mẹ́ta ló fi lò ó, kókó náà ò yéé tóbi. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, irú jẹjẹrẹ tó ń ṣe é kì í gbọ́ oògùn yẹn rárá.

Mi ò bá a wí. Ohun tó wo ẹ̀gbọ́n sàn, ta ni kò ní rò pé yóò wo àbúrò sàn? Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọmú kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo.

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló para pọ̀ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dà bí etí, tó fi ń gbọ́ iṣẹ́ tí ara bá rán sí i. Receptor ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú jẹjẹrẹ ọmú, mẹ́ta ni wọ́n máa ń wá. Èkíní ń gbọ́ ti estrogen, èkejì ń gbọ́ ti progesterone. Ẹ̀kẹta ni HER2; bó bá ti pọ̀ jù, "máa dàgbà, máa pọ̀ sí i" ni sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ tọ̀sán-tòru.

Oògùn tó ń dí àwọn etí yìí wà. Tamoxifen, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1977, ń dí etí estrogen. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sábà máa ń tó ọdún 5. Trastuzumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1998, ń dí etí HER2. Àwọn dókítà wa ní Èkó àti Ilé-Ifẹ̀ náà ti fi tọ́jú àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìwádìí.

Ṣùgbọ́n bí kókó kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Etí wo lẹ fẹ́ dí? Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín àwa obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ obìnrin. Ó ní ìtọ́jú: iṣẹ́ abẹ, kẹ́mò àti ìtànṣán. Àmọ́ kì í dúró de ẹni tó bá ń fi àkókò ṣòfò.

Àwọn kan á ní, "Owó àyẹ̀wò yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ra oògùn." Ẹ dákun, oògùn tí a rà láìmọ irú àìsàn tó wà nílẹ̀, owó tí a dà sómi ni. Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, trastuzumab sì wọ́n gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin: nínú owó àjọ, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Bí a ṣe ń dáwó fún ìsìnkú, ẹ jẹ́ ká dá a fún alààyè.

Bí kókó bá yọ sí ẹnikẹ́ni lọ́mú:
1. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má lo oògùn ẹlòmíràn. Ẹ tètè lọ rí dókítà.
2. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, inú fọ́málìn ni kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà nínú omi lásán, ó lè bàjẹ́, èsì á sì ṣìnà.
3. Ẹ béèrè èsì ER, PR àti HER2, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà. Bí kò bá ṣeé ṣe nítòsí, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Iléṣà ló gbé wa dé OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má sọ fún ìyàwó tàbí ọmọ yín pé kó ní sùúrù ná. Owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́run á ṣọ́ wa o.

Èmi ni nọ́ọ̀sì yín.